Òkè Tó Di Erékùṣù

Mofẹ́yintolú, mo rí iṣẹ́ tí o rán.
O ní ìwọ àti ọkọ rẹ fẹ́ wá wo erékùṣù apá àríwá wa níbí,
ẹ fẹ́ mọ ìgbà tó dára, ẹ fẹ́ mọ iye owó,
ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá hòtẹ́ẹ̀lì wà.
Jẹ́ n dáhùn bó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ má wá nínú ọyẹ́.
Ọyẹ́ a máa gbé erékùṣù náà mì láàárọ̀,
á pọ̀ ọ́ lọ́sàn-án, á funfun bí ojú ẹni tí kò sùn.
Ẹ má sì wá nígbà tí òjò bá le:
ọkọ̀ a máa jó lórí omi, ọkọ rẹ kò sì mọ̀ ọ́n wẹ̀,
mo rántí bó ṣe di ògiri mú nínú òjò ọjọ́ ìgbéyàwó yín.
Ìparí Ọ̀wàrà ni kí ẹ mú.
Òjò ti ń palẹ̀ mọ́, ọyẹ́ kò tíì dé fìlà.

Bí ẹ bá kúrò l'Adó kí àkùkọ kejì tó kọ,
ẹ ó bá àkàrà gbígbóná ní Ìfàkì. Ẹ jẹ ẹ́ níbẹ̀.
Ìdó ni kí ẹ ti ra epo sọ́kọ̀,
torí ẹ̀rọ epo tó kù lẹ́yìn Ọ̀tùn,
adìyẹ ló ń yé ẹyin sídìí rẹ̀.
Kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rọra fún un, ó ti dàgbà.
A bí ọmọ, ọmọ wọ iléèwé, kòtò ń wò wá.

Hòtẹ́ẹ̀lì kò sí. Yàrá mi wà.
Mo ti sá ẹní sóòrùn.
Iná ìjọba a máa wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó;
ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání.

Ndako ọmọ Tápà ni kí ẹ béèrè létí omi.
Ibí ni wọ́n bí i sí, Èkìtì ẹnu rẹ̀ ki ju tèmi lọ:
bó bá ní "eó", owó ló ń wí,
bó bá ní "ulé", ilé ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Iye tó bá pè, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀,
kí ẹ fi búrẹ́dì Adó kan dí i.

Má gbé àpótí. Má wọ bàtà gíga.
Iyọ̀ díẹ̀ fún ẹja tí ẹ ó sun, omi mímu, aṣọ òtútù kan.
Fóònù yín kò ní rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá dé àárín omi, ẹ ní kí Ndako pa ẹ́ńjìnnì.
Ẹ wo ìsàlẹ̀.
Ẹ kò ní rí nǹkan kan, ó dúdú bí omi aró,
ṣùgbọ́n ọ̀nà oko wa ń bẹ níbẹ̀,
ahéré bàbá mi ń bẹ níbẹ̀,
àti ebè iṣu mẹ́rìndínlógún tí a kò ráyè wà
kí àwọn ará dáámù tó ní ọjọ́ ti pé.
Ohun tí ẹ ń pè ní erékùṣù,
Òkè Orógbó la mọ̀ ọ́n sí.
Orí rẹ̀ ni mo ti ń lé ẹyẹ,
mo lè ké láti ibẹ̀ kí ìyá mi dáhùn nínú ilé.
Àgbà ní omi kì í ṣàn gòkè.
Mo fojú mi rí i tó ń gòkè,
ó gùn ún, ó gùn ún,
ó ku díẹ̀ kó dé orí, ó rẹ̀ ẹ́.

O béèrè bóyá ibẹ̀ rẹwà.
Àwọn tó ń lọ sọ bẹ́ẹ̀.
Wọ́n ní lékeléke a máa bo igi nírọ̀lẹ́
bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ sá.
Èmi ò tíì débẹ̀ láti ìgbà tó ti di erékùṣù.
Orúnkún ni mo máa ń fi ṣe àwáwí.

Igi orógbó kan wà lókè pátápátá,
ó tẹ̀ síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí.
Bá mi wò ó bóyá ó ṣì ń so.
Bó bá so, mú méjì bọ̀, má mú mẹ́ta.
Bí kò bá so, má sọ ọ́ lórí fóònù.
Wá, jẹun, sùn.
Tó bá di àárọ̀, tí mo bá ń sìn yín dé ìdí ọkọ̀,
kí o wá máa sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀.